Ọmọ Ń Jẹun, Ṣùgbọ́n Ìwọ̀n Rẹ̀ Kò Gòkè

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń wọn àwọn ọmọ ọwọ́ ní ilé ìwòsàn abúlé ní agbègbè Kétu, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán kí àwọn ìyá tó jókòó kún orí àga gbọọrọ. Òṣùwọ̀n a máa rọ̀ mọ́ igi àjà. Wọn a wọ ṣòkòtò kékeré kan tí ó ní okùn fún ọmọ, wọn a sì fi í kọ́ sí ojú irin òṣùwọ̀n náà. Ọmọ a figbe ta. Agbẹ̀bí a ka iye kílò tí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n tọ́ka sí, a sì fi bírò kán àmì kékeré kan sínú ìwé ìlera ọmọ náà. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti parí.

Inú àmì kékeré yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ọmọbìnrin olóṣù 11 bá wúwo kílò 6 àti ààbọ̀ péré, àmì rẹ̀ yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìlà tí ó yẹ kí ó wà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí ara wọn dá ṣáṣá máa ń sún mọ́ kílò 9 ní ọjọ́ orí yẹn. Agbẹ̀bí yóò béèrè pé: «Ìyàwó mi, kí ni ọmọ ń jẹ?» Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé: «Màmá, ó ń jẹun dáadáa o. Ó ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.» Ìyá náà kò purọ́. Ọmọ ń jẹun nítòótọ́. Ìbéèrè tí ó ṣòro ni èyí tí ó tẹ̀ lé e: kí ló dé tí ọmọ tí ń jẹun kò fi wúwo?

Ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ìdílé, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Benin ní ọdún 2017 sí 2018, fi hàn pé nínú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́fà ni ìwọ̀n rẹ̀ kò tó ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kúrú ju bí ó ti yẹ lọ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀: wọ́n tó nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́ta. Ọmọ tí ó ti rù kan eegun, tí gbogbo ènìyàn ń wò tí àánú ń ṣe wọ́n, kò pọ̀ nínú wọn. Àwọn tí ó pọ̀ ni àwọn tí ń rá kiri, tí ń rẹ́rìn-ín, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú lásán mọ̀ pé nǹkan ń ṣe wọ́n. Ojú a máa tan ìyá jẹ, pàápàá bí gbogbo ọmọ àdúgbò bá rí bákan náà. Òṣùwọ̀n kì í tan ènìyàn jẹ bẹ́ẹ̀.

Omi inú ẹ̀kọ

Ikùn ọmọ ọwọ́ kéré. Ti ọmọ olóṣù 8 kò lè gbà ju nǹkan bí ife kan lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ife yẹn bá kún fún ẹ̀kọ tí ó ṣàn bí omi, ikùn yóò kún, ọmọ yóò dákẹ́, yóò sì sùn. Ìyá yóò sọ pé ó yó. Ó yó lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ni ó yó. Agbára tí ń bẹ nínú irú ẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ kéré sí èyí tí ń bẹ nínú ọmú ìyá. Nítorí náà, ìyá tí ó gba ọmú lẹ́nu ọmọ kí ó lè fún un ní ẹ̀kọ ṣíṣàn ti fi oúnjẹ tí ó dára gba èyí tí kò dára tó o.

Bí wọ́n ti ń ṣe ògì náà dá kún un. Wọ́n á rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Èèrí tí wọ́n dà fún ewúrẹ́ tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ni apá kan nínú èròjà tí ń mú ara dàgbà bá lọ, pẹ̀lú ọ̀rá inú àgbàdo. Ohun tí ó kù nínú ìkòkò funfun, ó dán, ó sì rọrùn láti gbé mì, ṣùgbọ́n kò ní ohun púpọ̀ tí ń mọ ẹran ara ọmọ. Nígbà mìíràn, ẹran ọ̀sìn inú ilé ni ó jẹ èyí tí ó dára jù nínú àgbàdo náà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí àwọn ìyá pa ẹ̀kọ tì. Ẹ̀kọ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kí ó ki ni ọ̀rọ̀ wà, kí ó má tètè ṣàn kúrò lórí ṣíbí, kí nǹkan mìíràn sì wọ inú rẹ̀. Ṣíbí ẹ̀pà lílọ̀ kan, ìyẹ̀fun sójà tí wọ́n ti yan dáadáa, ẹja gbígbẹ tí wọ́n gún kúnná tí wọ́n sì sẹ́ nítorí eegun, ẹyin tí ó jinná, epo pupa díẹ̀: èyíkéyìí nínú wọn yóò yí ife ẹ̀kọ náà padà. Níbi tí àwọn obìnrin Fúlàní bá ti ń ta wàrà, ó ṣeé fọ́ wẹ́wẹ́ sínú oúnjẹ ọmọ. Ẹ̀wà tí wọ́n sè tí wọ́n sì tẹ̀ fọ́ dára, ẹ̀fọ́ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ dára, ìbẹ́pẹ tí ó pọ́n náà dára. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ti Kòtónù wá nínú agolo.

Iye ìgbà náà ṣe pàtàkì. Láti oṣù 6 dé oṣù 8, ọmọ ní láti jẹun lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, yàtọ̀ sí ọmú. Láti oṣù 9 títí yóò fi pé ọdún 2, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, pẹ̀lú ìpápánu díẹ̀ láàárín. Àgbà lè jẹun lẹ́ẹ̀mejì kí ó sì lọ sí oko. Ọmọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ibi tí yóò kó oúnjẹ náà sí kò tóbi.

Èébu ara àgbàdo àti ẹ̀pà

Ohun mìíràn wà tí ojú kì í tètè rí. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní abúlé 16 ní Benin àti Tógò. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ 480 wò, láti olóṣù 9 dé ọlọ́dún 5. Nínú gbogbo 100 ọmọ, 99 ni wọ́n bá àmì májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Èébu tí ń hù lára àgbàdo àti ẹ̀pà ni ó ń mú májèlé yìí wá. Àwọn ọmọ tí wọ́n kúrú tàbí tí wọn kò wúwo tó ni ó pọ̀ jù lára wọn. Àwọn tí wọ́n sì ti já lẹ́nu ọmú ní in ju àwọn tí ṣì ń mu ọmú lọ, nítorí pé oúnjẹ àgbàdo ni wọ́n ń jẹ.

Iná kò lè pa májèlé náà tán, bó ti wù kí ẹ̀kọ pẹ́ lórí ààrò. Kí àgbàdo tó dé inú ìkòkò ni iṣẹ́ wà. Àgbàdo tí wọ́n ká nínú òjò, tí wọ́n sá sórí ilẹ̀ lásán, tí wọ́n sì kó sínú àká kí ó tó gbẹ, yóò bu. Èyí tí wọ́n sá sórí ẹní tàbí ọ̀rá, tí wọ́n yí padà nínú oòrùn títí ó fi gbẹ kankan, tí wọ́n sì ṣà kí wọ́n tó kó o pamọ́, sàn púpọ̀ jù ú lọ. Ẹ̀pà tí ó ti hunjọ tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà kò yẹ nínú oúnjẹ ọmọ.

Ohun tí ó dunni níhìn-ín ni pé ọjà ni àgbàdo tí ó dára ń lọ. Oníbàárà kì í ra èyí tí ó ti bu. Èyí tí kò ṣeé tà ni ó ń kù sílé, òun náà ni wọ́n sì ń fi ṣe ògì ọmọ.

Kí ẹ̀kọ tó dé

Nínú àwọn ilé mìíràn, ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó dé ayé. Ọmọ tí kò tó kílò 2 àti ààbọ̀ nígbà tí wọ́n bí i ti wà lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ìyá tí kò jẹun tó nínú oyún, tí ibà ń ṣe, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọdé tí ń dàgbà lọ́wọ́, lè bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ó ń ru igi ìdáná àti omi títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀ náà wà nínú ewu yìí. Bí wọ́n bá sọ fún aboyún pé kí ó sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ó sì gba oògùn ibà ní ilé ìwòsàn, ìwọ̀n ọmọ tí kò tíì bí ni wọ́n ń tọ́jú.

Lẹ́yìn ìbí, Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní OMS, ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6, láìsí omi, láìsí àgbo, láìsí ẹ̀kọ. Omi ọmú àkọ́kọ́ tí ó ki, tí ó sì pọ́n díẹ̀, tí àwọn kan ń fún dànù pé ó dọ̀tí, ni ó ń dáàbò bo ọmọ jù. Lẹ́yìn oṣù 6, oúnjẹ yóò wọlé, ṣùgbọ́n ọmú yóò máa bá a lọ títí dé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ omi yìí a máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín ilé. Ìyá ọkọ yóò ní oòrùn mú, òùngbẹ ń gbẹ ọmọ. Kò ní ibi lọ́kàn. Bí wọ́n ti tọ́ òun náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ jù nínú ọmú, ọmọ tí ó bá sì fi omi tàbí àgbo kún ikùn kò ní ní àyè fún ọmú mọ́. Bí omi náà kò bá sì mọ́, ìgbẹ́ gbuuru ti dé nìyẹn.

Ọmọ tí ara rẹ̀ dá máa ń wúwo ní ìlọ́po méjì ìwọ̀n ìbí rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù 5, yóò sì di ìlọ́po mẹ́ta nígbà tí ó bá pé nǹkan bí ọdún kan. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ń gòkè dáadáa níwọ̀n ìgbà tí ọmú nìkan ni wọ́n ń mu. Láàárín ìgbà tí oúnjẹ wọlé àti ọdún 2 ni ìlà inú ìwé máa ń dúró sójú kan, tàbí kí ó tẹ̀ sísàlẹ̀.

Àìsàn àti ìwé Ìmẹ̀sí-Ilé

Ìgbà yẹn kan náà ni ọmọ ń rá, tí ó ń mú gbogbo ohun tí ó bá rí nílẹ̀ sí ẹnu. Ìgbẹ́ gbuuru, ibà, ikọ́, aràn inú, wọ́n ń tẹ̀ léra wọn. Àìsàn kọ̀ọ̀kan ń jẹ nínú ohun tí ọmọ ti kó jọ. Ara gbígbóná ń lo agbára rẹ̀, ìgbẹ́ ń kó oúnjẹ jáde kí ara tó gbà á, ẹnu rẹ̀ kò sì fẹ́ nǹkan kan. Kí ó tó gba ìwọ̀n rẹ̀ padà, òmíràn ti dé.

Àṣà kan wà tí ó ń mú èyí burú sí i: bí ọmọ bá ń ṣu, wọ́n á dá oúnjẹ dúró kí inú rẹ̀ lè sinmi. Ebi ni wọ́n fi kún àìsàn. Ọmọ tí ń ṣu ní láti máa mu ọmú, kí ó sì máa jẹun díẹ̀díẹ̀ léraléra. Àpò kékeré tí wọ́n ń pè ní SRO, tí wọ́n pò mọ́ omi tí ó mọ́, yóò dá omi ara rẹ̀ padà. Wọ́n tún ń fún un ní oògùn zinc fún ọjọ́ 10 sí 14. Nígbà tí ó bá sì yá tán, oúnjẹ kan sí i lójúmọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì yóò jẹ́ kí ó bá ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́.

Àwọn kan rí bí àìsàn àti ìwọ̀n ti so pọ̀ mọ́ra ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ń ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, lẹ́bàá Iléṣà, ní Nàìjíríà. Ó ń tọ́jú àwọn ọmọ abúlé náà láti ìgbà ìbí wọn, ó sì ń wọ̀n wọ́n déédéé. Ó rí i pé èéyi àti ikọ́ líle a máa jẹ́ kí ọmọ rù, tí yóò sì pẹ́ kí ara rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe ìwé kan tí ìlà wà nínú rẹ̀, tí ó sì fi í sí ọwọ́ àwọn ìyá kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, dípò kí ó wà nínú àpótí ilé ìwòsàn. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò mọ̀wé, síbẹ̀ ìwé kì í sọnù lọ́wọ́ wọn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àwọn ìwé tí àwọn ìyá ń gbé dání lónìí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Pọbẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́ jẹ́ ìbátan rẹ̀.

Ọmọ tí àbúrò lé kúrò lórí ọmú

Ní àwọn ọdún 1930, obìnrin dókítà kan, Cicely Williams, ń ṣiṣẹ́ ní Akrá, ní ilẹ̀ tí ó di Gánà lónìí. Ó ń rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn ń bó. Ó béèrè orúkọ àìsàn náà lọ́wọ́ àwọn ará Gã, wọ́n sì dá a lóhùn pé kwashiorkor ni: àìsàn tí ń ṣe ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá ń bọ̀. Ní ọdún 1935, ó kọ orúkọ náà sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, gbogbo ayé sì ń lò ó di òní. Ohun tí dókítà ń wá ti wà nínú orúkọ tí àwọn ìyá fún un.

Àwọn àgbà Yorùbá náà mọ̀ ọ́n. Nígbà àtijọ́, tọkọtaya kì í bá ara wọn sùn títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú, èyí sì lè tó ọdún 2 tàbí 3. Àṣà yìí ti rọ̀ ní ibi púpọ̀, kò sì dájú pé ohun mìíràn ti gba ipò rẹ̀ nínú gbogbo ilé. Bí ìyá bá tún lóyún, wọ́n á ní ọmú rẹ̀ ti bàjẹ́, wọ́n á sì gbà á lẹ́nu ọmọ lójijì. Ọmọ olóṣù 10 á di ẹni tí ń jẹ àkàsà pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú àwo kan náà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì yá tó tiwọn. OMS gba àwọn tọkọtaya níyànjú pé kí ó tó oṣù 24 lẹ́yìn ìbí kí obìnrin tó tún lóyún. Agbẹ̀bí lè ṣàlàyé àwọn ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe é, kò sì burú kí ọkọ bá ìyàwó rẹ̀ lọ gbọ́ ọ.

Wíwú yìí ni ó yẹ kí àwọn òbí ṣọ́ra fún. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lè wúwo lórí òṣùwọ̀n, kí àwọn ènìyàn sì máa sọ pé ó sanra. Omi ni. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ ní ọjọ́ yẹn gan-an.

Àpò bàbá, ọwọ́ ìyá

Ìyá nìkan ni wọ́n sábà máa ń bá wí bí ọmọ kò bá wúwo. Ìbáwí náà kò tọ́. Obìnrin tí ó jí kí àkùkọ tó kọ, tí ó pọn omi, tí ó lọ sí oko, tí ó tún lọ sí ọjà, nígbà wo ni yóò ṣe oúnjẹ ọmọ lẹ́ẹ̀mẹrin? Ọmọ ọlọ́dún 7 ni ó ń fi àbúrò sílẹ̀ fún, pẹ̀lú ẹ̀kọ tí wọ́n sè láàárọ̀. Ẹ̀kọ náà á ti tutù, kòkòrò á ti wọ̀ ọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ilé kan lè ní adìẹ mẹ́wàá kí ọmọ ibẹ̀ má jẹ ẹyin rí. Wọ́n á ta ẹyin láti ra ọṣẹ àti iyọ̀. Àwọn kan á ní ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin tàbí ẹran yóò di olè. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, bóyá nítorí pé ẹran kò tó nílé nígbà náà. Bàbá ni wọ́n ń bu ẹran fún, ọmọ á sì lá omi ọbẹ̀. Bí bàbá bá lè bù lára ẹran tirẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya á wẹ́wẹ́ sínú àwo ọmọ, kò sí òwò tí ó pa á lára.

Àkókò kan wà nínú ọdún tí ó le fún gbogbo ilé: ìgbà tí àgbàdo àtijọ́ ti tán nínú àká tí tuntun kò sì tíì gbó lóko. Òjò ń rọ̀, ẹ̀fọn pọ̀, iṣẹ́ oko pọ̀, owó kò sí. Ìgbà yẹn ni ibà àti ebi máa ń pàdé lára ọmọ kan ṣoṣo. Ẹ̀wà díẹ̀ tí wọ́n yọ sọ́tọ̀ nígbà ìkórè, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà, lè gbé ọmọ kọjá oṣù méjì yẹn.

Ọmọbìnrin olóṣù 11 tí ó wúwo kílò 6 àti ààbọ̀ kò ní kúrò lórí àga gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Agbẹ̀bí yóò fi tẹ́ẹ̀pù aláwọ̀ mẹ́ta wọn apá rẹ̀ ti òsì. Bí ó bá bọ́ sí àwọ̀ ewé, apá náà tó sẹ̀ntímítà 12 àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá bọ́ sí àwọ̀ ìyeyè, ó kéré sí i. Bí ó bá bọ́ sí pupa, kò tó sẹ̀ntímítà 11 àti ààbọ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó padà sílé láìtọ́jú. Wọ́n yóò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó wú. Wọ́n yóò béèrè bóyá ó ti gba àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, àti ìgbà tí ó ṣu gbuuru kẹ́yìn.

Bí kò bá sí ewu ojú ẹsẹ̀, ìyá yóò padà sílé pẹ̀lú ìlànà kékeré: ẹ̀kọ tí ó ki, ẹ̀pà tí wọ́n ti ṣà, ẹja gbígbẹ, àwo tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọmú kí oúnjẹ tó dé àti lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, wọn yóò tún fi ọmọ kọ́ òṣùwọ̀n, yóò sì tún figbe ta. Bí àmì tuntun bá ga ju ti àtijọ́ lọ, kódà kí ó jẹ́ gíráàmù 200 péré, agbẹ̀bí yóò fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ìyá rẹ̀ lè rí i.